Bí a ṣe ń gbá Elden Ring pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn láìba adùn ìnira rẹ̀ jẹ́

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Elden Ring, géèmù tí ilé-iṣẹ́ FromSoftware ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù gbé jáde ní oṣù kejì ọdún 2022, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá àríyànjiyàn kan pàdé. Àwọn kan yóò ní kí ó yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, nítorí pé ẹni tí ó ra géèmù tí ó le, tí ó wá pe àlejò láti bá a jà, dà bí ẹni tí ó ra iṣu tán tí ó ní kí aládùúgbò bá òun jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní kí ó pe gbogbo ẹni tí ó bá lè pè, kí ìyà má baà jẹ ẹ́ lásán. Mo ti gbá a lọ́nà méjèèjì, mo sì ti rí i pé ìgbà tí a bá pe ìrànlọ́wọ́ àti irú ìrànlọ́wọ́ tí a bá pè ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Bí a bá fẹ́ ru ẹrù tí ó wúwo, a máa ń bẹ ẹni tí ń kọjá lọ pé kí ó bá wa gbé e dé orí, kò sì sí ẹni tí yóò pè wá ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá gba ẹrù ọ̀hún rù dé ilé fún wa, ọrùn wa kò ní le láéláé. Bí ẹ ó ṣe máa gba ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ láìbọ́ sínú èkejì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìtàn ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀ yóò ràn yín lọ́wọ́. Hidetaka Miyazaki ni ó darí Demon's Souls, èyí tí ó jáde ní ọdún 2009, tí gbogbo géèmù irú èyí sì ti inú rẹ̀ wá. Ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn pé orí òkè kan tí yìnyín bò ni òun ti rí èrò yìí. Ọkọ̀ kò lè gun òkè náà mọ́, ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn bá ń fi ọkọ̀ tiwọn ti ti iwájú, títí tí wọ́n fi gun òkè náà. Miyazaki kò lè dúró dúpẹ́, nítorí pé bí ó bá dúró, ọkọ̀ rẹ̀ yóò tún há, kò sì mọ àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ di òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti bá àjèjì ti ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ rí mọ ohun tí ó ń sọ. Ọlọ́kọ̀ ṣì ni ó ń wa ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó tì í kò gba ọwọ́ ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí System, kí ẹ ṣí Network, kí ẹ sì rí i pé Play Online ni ẹ yàn. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ní láti padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ géèmù náà kí ó tó ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹ ó ti máa rí ohun mẹ́ta: àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn onígéèmù mìíràn kọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ níbi tí wọ́n ti kú, àti òjìji wọn tí ń kọjá lọ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò bá yín gbé idà. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí òjìji ẹni náà bí ó ṣe lo ìṣẹ́jú àáyá ìkẹyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ohun tí ó pa á. Ẹ ó rí i pé ó sáré, ó ṣàdédé wo apá òsì, ó sì ṣubú. Ó kù sí yín lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó wà ní apá òsì náà.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni òótọ́. Inú àwọn gbólóhùn tí géèmù náà ti ṣètò sílẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń yan ọ̀rọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ènìyàn rí ọgbọ́n fi wọ́n purọ́. Ibi tí irọ́ pọ̀ sí jù ni etí bèbè, níbi tí wọn yóò ti kọ ọ́ pé kí ẹ fò. Kí ẹ tó fò, ẹ wo àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nítòsí. Bí ẹ bá fọwọ́ kan mẹ́ta tí gbogbo wọn sì fò tí wọ́n kú, ẹ ti rí ìdáhùn. Èyí tí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ fi àmì ìmọrírì sí i, nítorí pé ẹ̀mí ẹni tí ó kọ ọ́ yóò kún sí i lójú ẹsẹ̀, níbikíbi tí ó bá wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí nínú ìjà kan tí ìgò oògùn mi ti tán, tí ìkọlù kan péré ló kù kí n kú: ẹnìkan tí n kò mọ̀ mọrírì ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀mí mi sì padà. N kò gbàgbé rẹ̀.

Pípe ènìyàn ni ibi tí ewu wà. Ẹ ó kọ́kọ́ ra Crafting Kit lọ́wọ́ Kalé, oníṣòwò tí ó wà ní Church of Elleh, ní 300 rune, ìyẹn owó inú géèmù náà. Ẹ ó já òdòdó Erdleaf méjì, ẹ ó fi ṣe Furlcalling Finger Remedy, ẹ ó sì lò ó kí àmì àwọn tí ó fẹ́ ranni lọ́wọ́ tó lè hàn sí yín nílẹ̀. Lórí PlayStation àti Xbox, ẹ ní láti máa san owó ìforúkọsílẹ̀ kí èyí tó ṣeé ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ rọrùn, ìrọ̀rùn náà ni ó sì kó bá mi.

Ọ̀gá ńlá àkọ́kọ́, ìyẹn ọ̀tá alágbára tí a gbọ́dọ̀ borí, tí ó ń dí ọ̀nà ilé ìṣọ́ Stormveil Castle ni Margit. Mo pe ènìyàn méjì sí i ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti mọ iṣẹ́ náà dunjú. Èmi dúró lẹ́yìn, mo ń yí kiri, mo sì gbá a lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó ṣubú. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí mo fi wọ inú ilé ìṣọ́ náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Godrick, ọ̀gá inú ilé ìṣọ́ náà, tí n kò rí àmì ẹnikẹ́ni pè, mo kú títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí pé n kò tíì kọ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi Margit síbẹ̀ láti kọ́ mi, ìyẹn ni pé ẹni tí ó gbé igi sókè lè má tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Margit máa ń gbé ọ̀pá rẹ̀ dání lókè títí ojora yóò fi mú yín, tí ẹ ó yí kúrò ṣáájú àkókò. Ìgbà tí ẹ bá yí tán ni yóò tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ojú ẹni fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kọ́ ìyẹn. Bí àlejò méjì bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ni ọ̀gá náà yóò kọ sí yín ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ kò sì ní rí ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ẹ̀mí rẹ̀ pàápàá máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá pe ènìyàn, nítorí náà bí olùrànlọ́wọ́ yín bá tètè kú, wàhálà yín ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Òfin tí mo wá fi lélẹ̀ fún ara mi, tí mo sì ń gbà yín nímọ̀ràn láti lò, ni pé kí a má pe ẹnikẹ́ni títí a ó fi lè sọ ìkọlù mẹ́ta tí ọ̀gá kan ń lò àti bí a ṣe ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti Margit: ọ̀pá tí ó ń pẹ́ lókè, ọ̀bẹ ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jù nígbà tí ó bá rí i pé ẹ fẹ́ mu oògùn, òòlù ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fò sókè gbé kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ti dé ìdajì. Bí ẹ bá ti mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí apá yín kò sì ká a síbẹ̀, ẹ pe ènìyàn kan, kì í ṣe méjì, kí ẹ sì wà níwájú. Àwọn tí kò fẹ́ pe ènìyàn rárá ṣì lè pe Rogier, tí àmì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà Margit, tàbí kí wọ́n lu agogo tí Renna fún wọn, kí wọ́n fi pe àwọn ìkookò. Géèmù náà fúnra rẹ̀ ni ó ń darí àwọn wọ̀nyí, àwọn ìkookò kì í sì í fi kún ẹ̀mí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pe ènìyàn gidi, agogo náà kò ní ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ti borí ọ̀gá kan, ìgbà náà gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì ń wúlò jù. Ẹ fi Tarnished's Furled Finger kọ àmì tiyín sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíràn pè yín. Ìdajì ìgò oògùn yín ni ẹ ó gbé lọ, nítorí náà ẹ kò ní lè jà ní ìjàkujà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kú, rune yín kò ní sọnù. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dára tó èyí: ẹ ó bá ọ̀gá kan náà jà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìpàdánù ohunkóhun, ẹ ó sì rí oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà jà. Ní ọdún 2022, onígéèmù kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Let Me Solo Her, tí kò wọ nǹkan kan ju ìkòkò tí ó dé sórí àti bàǹtẹ́ lọ, di olókìkí káàkiri ayé nítorí pé ó ń dá Malenia, ọ̀gá kan tí ó le gidigidi, pa fún àwọn tí apá wọn kò ká a. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Bí ẹ bá pe irú rẹ̀, ẹ wò ó dáadáa bí ẹni tí ń wo ọ̀ta nídìí ọpọ́n ayò, lẹ́yìn náà kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pè yín sí Malenia, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbìyànjú rẹ̀.

Ẹ̀rù àwọn akógunwọlé, ìyẹn àwọn onígéèmù tí ń wọ inú ayé ẹlòmíràn láti pa á, ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ yọ géèmù náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú Dark Souls ti ọdún 2011, ẹ̀rù náà tọ́, nítorí pé bí a bá ti wà ní ara ènìyàn, wọ́n lè wọlé bí a tilẹ̀ dá wà. Elden Ring ti yí i padà: wọn kì í wọlé àyàfi bí ẹ bá ti pe olùrànlọ́wọ́ tàbí tí ẹ bá lo Taunter's Tongue láti pè wọ́n níjà. Bí wọ́n bá wọlé, ẹ má lé wọn. Àwọn ẹranko àti ọmọ ogun inú géèmù kì í bá wọn jà, nítorí náà ẹ padà sí ọ̀nà tí ẹ ti pa gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀, kí ẹ dúró ti olùrànlọ́wọ́ yín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá yín.

Fún àwa tí a ń gbá a láti Nàìjíríà, nẹ́tíwọ̀kì ni ó ń ba ìjà jẹ́ ju akógunwọlé lọ. Ẹ̀rọ àwọn onígéèmù ni ó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí náà bí ẹni tí ẹ pè bá jìnnà, ẹ ó rí idà tí ó ti kọjá lára yín tí yóò sì tún dùn yín lẹ́yìn náà. Inú Network ni ẹ ti lè yàn bóyá kí ó máa wá ènìyàn ní agbègbè mìíràn tàbí kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á bí ẹ kò bá rí àmì kankan, kí ẹ sì pa á bí ìjà bá ń fà. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, n kò pe ẹnikẹ́ni. Iná pẹ̀lú: géèmù náà ń tọ́jú ibi tí ẹ dé fúnra rẹ̀, ẹ kò ní pàdánù púpọ̀ bí iná bá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pè yín yóò ṣàdédé dá wà níwájú ọ̀gá. Bí kò bá dá yín lójú pé iná yóò dúró, ẹ má kọ àmì yín sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbá a pẹ̀lú àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí ó wà ní òkè òkun, ẹ jọ fi ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà sí i, géèmù náà yóò sì dín agbára ẹni tí ó bá ju ẹnìkejì lọ kù. Elden Ring Nightreign ti ọdún 2025 ni kí ẹ rà bí ó bá jẹ́ pé ìbágbá gan-an ni ẹ ń wá, nítorí pé ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ìnira tí kò sí àlejò kankan nínú rẹ̀, Sekiro ti ọdún 2019 ń dúró dè é.

Lẹ́yìn tí Margit bá ṣubú, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ sí orí ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Tèmi wà ní apá ọ̀tún. Mo ní kí ó ṣe sùúrù.