Kí Ẹ Tó Sanwó Aago Tí Ẹ Rí Lórí Fóònù, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Mi

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, mi ò tíì ṣí aṣọ tí mo fi ń bo tábìlì iṣẹ́ mi tán nínú ọjà Wuse tí ọmọkùnrin kan fi ti Kubwa dé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Aláago. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ojúlówó ni aago yìí." Mo ní, "Ṣé o fẹ́ rà á ni?" Ó ní, "Rárá sà, mo ti rà á."

Ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì, torí ọmọ ọlọ́mọ ni. Èyí tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ bì síbí.

Èkíní, ẹ yé gba ìtàn tí wọ́n fi ń ta ọjà gbọ́. Rolex Daytona lọmọ náà ní òun rà, ₦180,000. Wọ́n ní ẹni tó ń tà á fẹ́ rìnrìn àjò kánkán, ìyẹn ló ṣe ń gbé e jù. Gbogbo ẹni tó ń ta irú aago yìí ní Àbújá ló ń rìnrìn àjò. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹyọ kan nínú wọn wọ bààlúù. Daytona onírin lásán, tí kò ní góòlù lára, ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lọ. Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sí náírà.

Mo ti ọ̀bẹ kékeré bọ ẹ̀yìn aago náà, ó sì ṣí pẹ́ẹ́. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti parí, torí yíyí ni wọ́n ń yí ẹ̀yìn Daytona dé, irinṣẹ́ tí a fi ń tú u sì lọ́tọ̀. Mo pè é kó wá wo inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kan báyìí, tí kò tó ìdérí ìgò kóòkì, ni wọ́n fi òrùka ike funfun há sáàárín kó má baà máa mì gbọngbọn. Àwọn ojú kéékèèké mẹ́ta tó wà níwájú? Ọwọ́ wọn kò so mọ́ nǹkan kan, ọ̀ṣọ́ ni. Kí ẹnikẹ́ni má wá bá mi jiyàn pé Rolex ṣe aago oníbátìrì rí. Mo mọ̀. Oysterquartz ni wọ́n ń pè é, 1977 ló jáde. Daytona kò sí lára wọn.

Èkejì, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá tó ń yọ́ lọ. Ẹnì kan ti sọ fún yín pé ti ojúlówó kì í fò, ẹ sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Rolex òde òní ń lu ìgbà 28,800 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Seiko tó ní ẹ́ńjìnnì 7S26 ń lu 21,600, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ṣùgbọ́n àwọn aláyédèrú náà ti ń lo ẹ́ńjìnnì tí kò ní bátìrì, tiwọn náà ń yọ́ lọ bí ejò. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀kẹta, páálí, káàdì àti rìsíìtì: ẹni tó ṣe ayédèrú aago kò ní ṣàìlè ṣe ayédèrú ìwé.

Ẹ̀kẹrin ló ń bí mi nínú jù, torí ó ti mú èmi náà. Ẹ̀ ń ra àwòrán, ẹ ò ra aago.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo rí Seiko 6309 lórí Facebook, aago àwọn amòòkùn tí Seiko ṣe láti 1976 títí di 1988. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, ní ọ̀kan. Kì í jẹ́ kí àwa ọmọọṣẹ́ fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà náà ni ojú ti ń kán mi. Ẹni tó ń tà á ní Kàdúná lòun wà, ₦65,000. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, okùn rọ́bà dúdú ló wà lára rẹ̀. Nínú èkejì, ṣéènì ni. Mo rí i o! Ojú mi tó ń rí ìrépé inú aago obìnrin rí i kedere. Mo wá bá olè dá àwáwí: mo ní bóyá ó pààrọ̀ okùn ni.

Mi ò ní kó kọ orúkọ mi àti déètì ọjọ́ náà sórí ìwé, kó gbé e ti aago, kó tún un yà. Mi ò ní kó yí ọwọ́ aago sí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí n rí i. Ẹni tí aago wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ kò ní lo ìṣẹ́jú márùn-ún fún gbogbo ìyẹn. Mi ò béèrè, torí ẹ̀rù ń bà mí kí ẹlòmíràn má lọ rà á. Mo sanwó. Ó fi nọ́ńbà dírẹ́bà ránṣẹ́. Mo lọ sí gáréèjì ní Jabi, mo fún dírẹ́bà ní ₦1,500, mo gba páálí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù wé bí òkú. Mo gé e, mo gé e. Ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn, ìwé ìròyìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni aago ike ọmọdé wà, aláwọ̀ osùn, tó máa ń tan iná tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Aago ni mo rà, aago náà ló kúkú fi ránṣẹ́. Dírẹ́bà kò mọ nǹkan kan. Fóònù oníjìbìtì ti kú. Títí di Kérésì ni ìyàwó mi fi ń bi mí pé, "Bàbá Aláago, aago mélòó ló lù?"

Nígbà tí mo fi àwòrán náà wá inú Google Lens, tó yẹ kí n ti ṣe tẹ́lẹ̀, àwòrán ọlọ́jà kan ní ìlú òyìnbó ló jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn Seiko kì í purọ́ púpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn náà. Nínú nọ́ńbà tó gùn, èyí tó ṣáájú ni òǹkà tó parí ọdún, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù: 1 dé 9, lẹ́yìn náà O, N àti D. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7N, Nòfẹ́ńbà ọdún tó parí sí 7 ni. Orúkọ ẹ́ńjìnnì náà wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan gbé 7S26 wá, ó ní bàbá òun rà á ní 1980, nígbà tí wọ́n bí òun. 1996 ni ẹ́ńjìnnì yẹn jáde. Mo ní kó lọ bi ìyá rẹ̀ dáadáa.

Casio ńkọ́? Wọ́n ń ṣe ayédèrú aago wọn tó ń jẹ́ F-91W, tí kò wọ́n rárá! Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, "CASIo" máa yọ lójú rẹ̀. Tí kò bá yọ, ayédèrú ni. Tó bá yọ, ẹ má tíì yọ̀, torí àwọn kan ti kọ́ ìyẹn náà.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà? Ẹ jẹ́ ká fi kíkà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà, àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni lè kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù yín kó dà bíi ti báǹkì. Ẹ wo inú àkáǹtì fúnra yín, kí ẹ rí i pé owó tó wà níbẹ̀ ti lé. Ìrọ̀lẹ́ Fúráídè ni àwọn oníjìbìtì máa ń dé, nígbà tí ẹ ti ń palẹ̀ mọ́, wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà wọ́n láàmú. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà parí ìdààmú rẹ̀, kí aago ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá sì ní òun ṣèèṣì fi owó tó pọ̀ jù ránṣẹ́, kí ẹ dá ìyókù padà, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.

Ẹ ya nọ́ńbà ẹ̀yìn aago yín kí ẹ tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi han ẹ̀gbọ́n mi nínú mọ́tò" ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì wọ mọ́tò náà o. Ẹ̀yin ará Àbújá mọ ohun tó ń jẹ́ "one chance". Inú báǹkì ni kí ẹ ti pàdé, lọ́sàn-án.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbìyànjú láti di owó náà mú kó tó kúrò níbi tó lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, tàbí EFCC, tí orílé-iṣẹ́ wọn wà ní Jabi níbí.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kí n bá yín wo aago kí ẹ tó sanwó, ₦2,000 ni mò ń gbà. Tí ẹ bá ti sanwó tán kí ẹ tó gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni. Mo kàn fi ń kí yín kú ara fẹ́ra kù ni.