Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ọ̀sìn Ẹja Àrọ̀ Di Gbèsè

Ẹja àrọ̀ lágbára púpọ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń mí nínú omi bí ẹja yòókù, Ọlọ́run tún fún un ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i nínú agbada ìyá ẹlẹ́ja lọ́jà, tí omi inú agbada ò ju ìka méjì lọ, síbẹ̀ tó wà láàyè di ìrọ̀lẹ́. Agbára yìí gan-an ló ń tan ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn jẹ. Àwọn tó ń sin ẹja trout ní ilẹ̀ òtútù ò lè fi omi ṣeré: omi trout gbọ́dọ̀ tutù, kó mọ́, kó sì máa ṣàn, bí ọ́síjìn inú rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹja ti ń kú. Ojú ẹsẹ̀ lolówó á mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe. Àrọ̀ kì í tètè kú. Yóò wà láàyè, yóò máa jẹ oúnjẹ yín, ṣùgbọ́n kò ní dàgbà. Oṣù kẹfà á pé, ẹ ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i pé kò ju gíráàmù 400 lọ, owó tẹ́ ẹ ná sórí rẹ̀ á sì ti ju owó tí wọ́n máa rà á lọ.

Àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni kì í pa ẹja lójú ẹsẹ̀. Ohun tó mú kí wọ́n burú nìyẹn.

Ẹ má kó ẹja sínú tánkì kọnkéré tuntun

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ tánkì tán máa ń kánjú. Sìmẹ́ńtì ò tíì gbẹ dáadáa, ọmọ ẹja ti wà lójú ọ̀nà. Sìmẹ́ńtì tuntun máa ń sọ omi di bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, ó ń bó awọ ẹja, ó sì ń ba ibi tó fi ń mí jẹ́. Ẹ pọn omi kún tánkì náà, ẹ fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tú u dànù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún pọn òmíràn sí i. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àgbẹ̀ kan máa ń gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi náà, kò burú. Ohun tó dá ni lójú jù ni kẹ́ ẹ ra ohun èlò kékeré tí wọ́n fi ń yẹ pH omi wò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá omi kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó dà bí omi eérú: láàárín 6.5 sí 8.5 ló dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ kó ẹja bíi mẹ́wàá sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ẹgbẹ̀rún tó wọlé.

Omi fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ìjọba máa ń ní kúlórínì tó ń pa ẹja, ẹ jẹ́ kó dúró nínú àgbá fún ọjọ́ kan sí méjì kẹ́ ẹ tó lò ó. Omi kànga ẹ̀rọ tó jìn kì í ní ọ́síjìn tó bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, òmíràn sì ní irin tó ń sọ aṣọ funfun di pupa. Ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ látòkè wá kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Ẹ má dúró di ìgbà tí omi bá ń rùn

Níbi tí ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣègbé rèé, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Purotéènì ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹja. Ohun tí ara ẹja ò bá lò nínú rẹ̀ ń jáde padà sínú omi, ó ń di amóníà, èròjà olóró kan. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ tánkì náà ń jẹrà, ó ń di amóníà. Ojú ò rí amóníà yìí. Bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i, tí pH omi sì ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni oró rẹ̀ ń le sí i. Nítorí náà omi tó mọ́ lójú yín ní aago méje àárọ̀ lè jẹ́ májèlé ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹja ò sì ní kú. Yóò kàn máa gba ìyà ni.

Ó ní ohun tó ń fi hàn. Ní kùtùkùtù, kẹ́ ẹ tó bu oúnjẹ kankan, ẹ lọ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan. Àrọ̀ tí ara rẹ̀ le á wà nísàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀kan á yọrí, á gba afẹ́fẹ́ pọ́ọ́, á padà sísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n nàró sókè, orí lójú omi, ìrù nísàlẹ̀, tí irunmú wọn rọ, tí wọn ò sì sá nígbà tí òjìji yín kọjá lórí wọn, omi yẹn ti bàjẹ́ láti àná. Ẹ má bu oúnjẹ sí i. Ẹ pààrọ̀ omi.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kó ti jáde, torí ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí wà. Tánkì tó pọ̀ ni wọ́n mọ tó jẹ́ pé òkè ni páìpù ìtúmi wà. Omi tó mọ́ ló ń jáde níbẹ̀, ẹlẹ́gbin ń kù sílẹ̀. Kí bírikìlà tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ fún un pé kí ilẹ̀ tánkì dà sí apá kan, kí páìpù sì wà níbi tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ má sì tú gbogbo omi dànù lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ fi omi tútù rọ́pò rẹ̀. Ìdajì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti tó, kí ara ẹja má bàa gbọ̀n rìrì. Nínú tánkì tí omi ò ti ṣàn, èyí lè jẹ́ ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, bí ẹja bá sì ti tóbi, ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin tó fẹ́ máa sin ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ẹ̀yà ara tí àrọ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ kì í tíì yọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin. Fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, omi nìkan ló gbójú lé. Iná tó lọ fún wákàtí mélòó kan, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sì dákẹ́, lè kó gbogbo wọn lọ. Tí kò bá sí jẹnẹrétọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka yẹn.

Ẹ má kó wọn pọ̀ jù

Tánkì tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà kan, lítà 12,000 ló ń gbà. Bí omi ò bá ṣàn wọlé ṣàn jáde níbẹ̀, ẹja 500 tó fún un. Mo mọ̀ pé ẹ ó gbọ́ pé ẹnì kan kó 2,000 sínú irú rẹ̀. Ẹ bi í léèrè iye tó tà níkẹyìn, àti ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé.

Ọmọ ẹja olówó pọ́ọ́kú

Àrọ̀ kì í dédé yé ẹyin nínú tánkì. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún abo kí ẹyin rẹ̀ tó gbó, tí wọ́n á fi ọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ kó tú u sílẹ̀. Ti akọ, pípa ni wọ́n ń pa á kí wọ́n tó lè mú àpò àtọ̀ inú rẹ̀, torí àtọ̀ rẹ̀ kì í tú jáde bí wọ́n bá tẹ ikùn rẹ̀. Nítorí pé akọ ń kú, ẹni tí kò fẹ́ náwó á máa lo àwọn tó bá wà nítòsí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ìyá àti ọmọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í le, kì í sì í dàgbà dọ́gbadọ́gba. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ni àwọn akọ rẹ̀ ti wá, ẹ sì ní kó fi àwọn òbí ẹja náà hàn yín. Ẹni tó bá ń bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó má ra èyí tó kéré bí abẹ́rẹ́. Ẹ ra èyí tó ti tó bí ìka ọwọ́, ó wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á yè.

Bí wọ́n bá gbé e dé, mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n kàn da kẹ́ẹ̀gì dojú dé sínú tánkì. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ti wà nínú búùtù mọ́tò fún wákàtí mẹ́ta, omi inú rẹ̀ ti gbóná. Omi tánkì tutù. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé ojú omi, ẹ máa fi ife bu omi tánkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹja fúnra wọn wẹ̀ jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má gbàgbé pé ẹja ń jẹ ẹja

Àwọn kan máa ń yára dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ, àwọn tí à ń pè ní ṣútà. Wọ́n á kọ́kọ́ máa gé ẹgbẹ́ wọn ní ìrù jẹ. Bí ẹnu wọn bá ti fẹ̀ tó, odindi ni wọ́n ń gbé wọn mì. Ẹ ò ní rí òkú kankan lójú omi. Ẹ ó kàn ka ẹja lọ́jọ́ kan, 1,000 á ti di 600, ẹ ó sì máa fura sí ọmọ iṣẹ́ yín. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ńlá wà pẹ̀lú ńlá, kékeré pẹ̀lú kékeré. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ kẹ́ ẹ tó ṣà wọ́n, ẹ sì ṣe é ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Oúnjẹ

Nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ máa ná, ó lé ní ìdajì tó máa bá oúnjẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ẹyọ ẹja kan. Ẹja 1,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa di kílò kan, tí ìtọ́jú wọn bá dára, á jẹ oúnjẹ tó ń léfòó bíi kílò 1,000 sí 1,200. Àpò kílò 15 ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń wá, á jẹ́ àpò 67 sí 80. Ẹni tó ní owó àpò 20, tó kó ẹja 1,000, ti ṣàṣìṣe láti ọjọ́ àkọ́kọ́, torí agbedeméjì ni owó máa tán, á wá máa fi búrẹ́dì àti èérí bàbà bọ́ wọn. Kó kó 250. Bí omi bá sì burú, tí oúnjẹ ń ṣòfò, ẹja 1,000 yẹn kan náà lè jẹ kílò 1,600 kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó dé kílò kan. Nǹkan bí àpò 27 sí 40 ló ti ṣègbé nítorí omi yẹn.

Àjẹjù ò ń mú àrọ̀ dàgbà kíákíá. Ẹ wọn ẹja bíi ogún lọ́sẹ̀ méjì-méjì kẹ́ ẹ mọ ìpíndọ́gba ìwọ̀n wọn. Bí ẹja 1,000 bá jẹ́ gíráàmù 200 níkọ̀ọ̀kan, kílò 200 ni gbogbo wọn; ìdá 3 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn kílò 6 sí 8 lóòjọ́, ẹ pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Àwọn kéékèèké ló ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti dẹwọ́ sísáré sí i, ẹ dáwọ́ dúró. Bí òjò bá ṣú, tàbí tí ọyẹ́ mú kí omi tutù, ẹ dín in kù.

Oúnjẹ tó ti bu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù. Ẹ sì má fi adìẹ tó kú bọ́ ẹja tí ọmọ ẹlòmíràn máa jẹ. Ẹ ò mọ àrùn tó pa adìẹ náà.

Oògùn ńkọ́? Ẹja á dákẹ́, wọ́n á sáré lọ ra kápúsù àwọn èèyàn, wọ́n á tú u sínú omi. Oògùn ò lè wo amóníà. Ẹ pààrọ̀ omi lákọ̀ọ́kọ́, bí wọ́n bá ṣì ń kú, ẹ pe dókítà ẹranko kó wò wọ́n, kẹ́ ẹ sì bi í pé ọjọ́ mélòó ló gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oògùn kẹ́ ẹ tó tà.

Ẹ̀yin tó ń lo adágún oníyẹ̀pẹ̀, òjò ni ọ̀tá yín. Àrọ̀ máa ń fi lẹ́bẹ́ rẹ̀ wọ́ lórí ilẹ̀ tútù lóru òjò. Bí omi adágún bá sún mọ́ etí ilẹ̀ jù, tí kò sì sí àwọ̀n yí i ká, oko aládùúgbò ni ẹja yín á jí sí.

Ẹ má wá oníbàárà lẹ́yìn tí ẹja bá tóbi

Ẹja tó ti pé kílò kan tí ẹ ò rí ẹni rà á, ojoojúmọ́ ló ń jẹ èrè yín. Nígbà tó bá ku oṣù kan ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa bá àwọn ìyá ẹlẹ́ja, àwọn tó ń yan ẹja àti àwọn ilé ọtí tó ń ta point and kill sọ̀rọ̀. Àǹfààní ńlá tí àwọn tó kóra jọ sójú kan ń jẹ nìyẹn, bíi ti Eriwe, ibùdó àwọn ọlọ́sìn ẹja lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde: mọ́tò oníbàárà ló ń wá bá wọn. Ẹni tó dá wà nínú oko tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n jọ kó ẹja tó kún mọ́tò kan.

Òṣùwọ̀n tiyín ni kẹ́ ẹ lò. Bí oníbàárà bá ní òun gbé tòun wá, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé e, ẹ wo iye tó kà, ẹ wá pọn lítà omi 10 sínú rẹ̀. Kílò 10 gẹ́lẹ́ ló gbọ́dọ̀ fi kún ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ 8 ló fi kún un, ẹ ti mọ iye kílò tẹ́ ẹ máa pàdánù lórí ẹja 1,000, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé agbọ̀n kan kúrò nílẹ̀.