RX-8 tí epo mu yó tí kò sítáàtì
Wọ́n kàn wa ọkọ̀ Mazda RX-8 náà kúrò nínú ọgbà sí etí títì l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo, wọ́n sì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sítáàtì mọ́. Kì í ṣe bátìrì. Epo ló kún inú ẹ́ńjìnnì tútù, ó fọ ọ́ìlì kúrò lára síìlì etí rótọ̀ (irin onígun mẹ́ta tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì yìí dípò písítìnì), agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ wá lọ sílẹ̀.

Mo yọ fíùsì pọ́ǹpù epo, mo já wáyà kọ́ìlì (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná), mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ sàmì sí wọn o, ti òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10: epo tú jáde fùù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná nítòsí! Mo da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bíi ṣíbí tíì kan sí ihò ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo tún yí i díẹ̀, mo wá dá púlọ́ọ̀gì gbígbẹ, wáyà kọ́ìlì àti fíùsì padà. Ó sítáàtì, èéfín bo gbogbo àdúgbò. Ọ́ìlì yẹn ló ń jó.