Àyè wà lórí sáfà, síbẹ̀ ó ní dísíìkì kún

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó sáfà Linux láti ọ̀nà jíjìn, ẹ má gbọ́kàn lé df -h (àṣẹ tó ń fi àyè dísíìkì hàn) nìkan. Sáfà lè pariwo "No space left on device" nígbà tí df -h ṣì ń fi hàn pé 60% péré la ti lò. Inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, tó sì níye, ló sábà máa ń tán: fáìlì kéékèèké ti pọ̀ jù, bíi ti session PHP (fáìlì tí PHP fi ń rántí àwọn tó wọ wẹ́ẹ̀bù) tí ẹnì kan ò palẹ̀ wọn mọ́. df -i, tó ń ka inode, ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Èyí tó ń dani láàmú jù ni pé ẹ ti pa log (fáìlì àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀) ńlá kan rẹ́, àmọ́ àyè ò lé sí i. Ètò tó ṣí fáìlì yẹn ni kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ tẹ sudo lsof +L1, ẹ ó rí orúkọ ètò náà. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, àyè á padà. Fún log tí ètò ṣì ń kọ nǹkan sí, truncate -s 0, tó ń sọ fáìlì di òfìfo láì pa á rẹ́, sàn ju rm tó ń pa á rẹ́ lọ.

Fódà tó gba àyè jù ńkọ́? Ẹ tẹ du -xh --max-depth=1 /var | sort -h. Ẹ má yọ x yẹn o, òun ni kì í jẹ́ kó yà sí partition (apá dísíìkì) mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí cron (ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní àkókò tí ẹ bá yàn) máa fi ssh (ọ̀nà tí a ń gbà wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn) ka df -P (df tí ìlà rẹ̀ rọrùn fún ètò láti kà) ní ìṣẹ́jú 15-15, kó kìlọ̀ ní 80%. Ẹ fi ConnectTimeout=10 (kó dúró de ìsopọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré) sí ssh náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sáfà kan tó ti kú á dá gbogbo èyí tó kù dúró.