Ìbọn tó wà lájà ilé wa

Ìbọn kan wà lájà ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ pé ogun Kírìjì ni bàbá ńlá wa ti gbé e bọ̀. Nígbà tí Baálé wa ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò ká lè kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìdílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi dúró, mo sàmì sí i, mo yọ ọ́, mo wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà. Ó dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé gan-an. Ká ní kò dé ibẹ̀ ni, ẹ̀tù àti ọta lè ṣì wà nísàlẹ̀, ǹ bá sì gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ìbọn ológun ni. Enfield 1853, ìbọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, ìlà mẹ́ta ló ń lọ́ nínú ọ̀pá rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín. Tiwa dán bọ̀rọ́ bíi ti ṣakabùlà, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 18, nígbà tí ti Enfield kò pé 15.

Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí òòlù jókòó sí, ló wá ṣe mí ní kàyéfì. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà ha irú nǹkan báyìí. Àbúrò mi kan ti ha apá kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dùn mí dòní, torí ohun tó bá lọ níbẹ̀ kì í padà mọ́. Adé kan yọ, V.R., àmì Ọbabìnrin Victoria, wà lábẹ́ rẹ̀, 1862 àti TOWER, àmì ilé ìkóhun-ìjà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, wà níwájú. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò náà máa ń tẹ TOWER sára ọjà wọn, nítorí náà mo tú ìdè méjèèjì, mo yí irin náà padà. Àmì adé wẹ́wẹ́ táwọn ayẹ̀bọnwò ìjọba fi lù ú wà lẹ́yìn. Irin ẹ̀gbẹ́ yìí, ti ológun ni lóòótọ́.

Ojú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú igi apá yẹn tóbi ju irin náà lọ. Ìda oyin ni wọ́n fi dí àyè tó kù. Ó ti dúdú, síbẹ̀ èékánná ṣì ń wọ̀ ọ́. Irin mìíràn ni wọ́n gbẹ́ igi yẹn fún.

Nígbà tí mo gbé ọ̀pá kúrò lórí igi, mo rí ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin, adé lórí rẹ̀. Àmì tí wọ́n fi ń lu ìbọn tí wọ́n bá yẹ̀ wò ní ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni, ọdún 1893 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi adé kún un. Ọdún 1886 ni wọ́n sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì.

Mo lọ bá Baálé. "Bàbá, ọ̀pá yìí ò dé Kírìjì o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn lè dé ibẹ̀, sà."

Wọ́n ní bàbá àwọn máa ń sọ pé ọ̀pá ìbọn náà bẹ́ nígbà kan, ó sì gé ìka méjì lọ́wọ́ ẹni tó yìn ín. Àwọn rò pé wọ́n kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni.

Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé. Ìbọn ti padà sájà. Ìda yẹn, mi ò yọ ọ́.