Ímeèlì wa ń ta padà: kí la fẹ́ ṣe sí blocklist?

Ìbéèrè: Láti àná ni ímeèlì tí à ń kọ sí àwọn oníbàárà ti ń ta padà. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni 550 àti zen.spamhaus.org. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Spamhaus ni àjọ tó ń ṣe blocklist, ìyẹn àkójọ àwọn nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì, tó sì ń fi ránṣẹ́) kì í gba lẹ́tà wọn; 550 túmọ̀ sí pé wọ́n kọ lẹ́tà yín. Ẹ má tíì bẹ ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà IP (àdírẹ́ẹ̀sì yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì) tí wọ́n dí lọ́nà wà nínú lẹ́tà tó ta padà yẹn. Ẹ dà á kọ, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí check.spamhaus.org. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín. PBL, ọ̀kan nínú àwọn àkójọ Spamhaus, kì í ṣe ẹ̀sùn rárá: nọ́ńbà íntánẹ́ẹ̀tì ilé ni, kò sì yẹ kó máa gba pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) 25 ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ gba ọ̀dọ̀ olùpèsè ímeèlì yín kọjá ní pọ́ọ̀tù 587, pẹ̀lú orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù yín. XBL, àkójọ wọn mìíràn, ló yẹ kó já yín láyà, torí ó ṣeé ṣe kí fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì yín.

Ìbéèrè: IP àjùmọ̀lò la wà. A ò fi spam, ìyẹn ímeèlì tẹ́nikẹ́ni ò béèrè, ránṣẹ́ rí.

Ìdáhùn: Mo gbà yín gbọ́, ó sì dùn mí. Ìka kan ló tọ́ epo tó fi ran ìyókù. Ẹ̀yin ayálégbé kọ́ lẹ máa tọrọ ìyọkúrò nínú blocklist, onílé ni, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ni sáfà tẹ́ ẹ̀ ń lò. Ẹ fi odindi lẹ́tà tó ta padà ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ ní kó gbé yín sí IP mìíràn. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ léraléra, ẹ kó ẹrù yín.

Ìbéèrè: IP tiwa nìkan ni tiwa. Wọ́n yọ wá, a tún padà síbẹ̀.

Ìdáhùn: A jẹ́ pé ohun tó gbé yín débẹ̀ ṣì wà nílé. Oníbàárà mi kan tọrọ ìyọkúrò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tá a tó ṣí lọ́ọ̀gì (àkọsílẹ̀ iṣẹ́) sáfà rẹ̀ la rí i: fọ́ọ̀mù "ẹ kàn sí wa" tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀ kò ní ààbò, àwọn róbọ́ọ̀tì ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì àjèjì sí i lóru, sáfà sì ń dá gbogbo wọn lóhùn. A ti fọ́ọ̀mù náà, a tọrọ ìyọkúrò lẹ́ẹ̀kan sí i, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ yẹ tiyín wò bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo SPF, DKIM àti DMARC, tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, àti PTR, tó ń so IP mọ́ orúkọ. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni Gmail àti Yahoo ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́. Bí IP bá jẹ́ tuntun, ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní ká sanwó kóun fi yọ wá ní Spamhaus.

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Spamhaus kì í gbowó ìyọkúrò. Ti SpamCop, blocklist mìíràn, tilẹ̀ máa ń kúrò fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí 24, bí ẹ̀sùn tuntun kò bá wọlé.

Ìbéèrè: Check.spamhaus.org ní a mọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣì ń dá lẹ́tà wa padà.

Ìdáhùn: Ẹ wò ó bóyá "open resolver" wà nínú lẹ́tà náà. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni àṣìṣe wà. DNS gbogbogbòò (sáfà tó ń wá àdírẹ́ẹ̀sì fún ẹnikẹ́ni) bíi 8.8.8.8 ni sáfà wọn fi ń bi Spamhaus léèrè. Spamhaus ń fi kóòdù 127.255.255.254 dáhùn, ìyẹn ni pé òun ò dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn, sáfà wọn sì kà á sí ẹ̀bi. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, torí ímeèlì yín ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.