Bọ́tìnnì Onígi: Ẹ Má Fi Igi Tútù Ṣe É

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ léètì yígi ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ọwọ́ yín dáa. Igi tútù ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Bọ́tìnnì tí ẹ yí lásìkò òjò, tó ń dán, tó rí roboto, òun náà ló ń là sí méjì lára aṣọ bí ọyẹ́ bá dé. Bí aṣọ oníbàárà bá ti ṣí sílẹ̀ lóde àríyá, télọ̀ kò ní padà wá rà mọ́.

Ẹ̀ka ọsàn àti gúáfà tí ẹ bá gé lóko ló dáa jù: ó le, ara rẹ̀ sì kúnná. Eruku ìrókò máa ń dààmú imú àti awọ ara. Ẹ má torí bọ́tìnnì gé igi ẹmi (igi òrí) tó ń so.

Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ là á sí mẹ́rin, ẹ gé ọkàn àárín rẹ̀ dànù; ibẹ̀ ni lílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi àbẹ́là yíyọ́ kun orí méjèèjì. Ẹ má sá a sóòrùn, igi kì í ṣe èlùbọ́. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà ni kí ẹ tò ó sí, kí igi tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn.

Ẹ má fojú díwọ̀n gbígbẹ. Ẹ gbé mẹ́ta lé ìwọ̀n onígíráàmù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sí i lára. Bí iye náà bá dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tó. Bó bá jẹ́ inú òjò ni, kò tíì tó o: ẹ kó o sórí àjà ìdáná níbi tí àgbàdo ń gbé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ẹ má gé e bí ẹni gé iṣu. Pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹ fi ayùn là á ní gígùn sí pákó mílímítà 6, ẹ gé e ní igun mẹ́rin mílímítà 25. Ẹ fi gọ́ọ̀mù igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé igi àlòkù, kí bébà wà láàárín, kó sì sùn mọ́jú.

Kí ẹ tó gbé ègé igi náà sórí léètì, ẹ bọ́ agbádá àti ìbọ̀wọ́. Ibi tí irin ìgbẹ́gi fara tì kò gbọdọ̀ jìnnà sí igi ju mílímítà 3 lọ. Ẹ fọwọ́ yí i wò kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ẹ yí i di mílímítà 20, kó nípọn ní 4, kí ẹ fi sáńpépà 180, lẹ́yìn náà 320, ha á bó ṣe ń yí lọ.

Lórí ègé igi náà ni kí ẹ ti lu ihò méjì, mílímítà 2 níbú, 5 láàárín. Kí ihò méjèèjì má bọ́ sórí ìlà igi kan náà, kí wọ́n dábùú rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òwú á là á. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣí i níbi bébà.

Ẹ má fi òrí pa á, á yọ́ sára aṣọ. Òróró línsíìdì (òróró tí wọ́n fi ń kun igi) díẹ̀ ni kí ẹ lò, kó sì gbẹ tán pátápátá. Ẹ tẹ́ àkísà rẹ̀ síta. Tí ẹ bá ká a jọ, ó lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sára bébà tí ẹ fi dì í: kí wọ́n má rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ mọ́jú, kí wọ́n má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e.